Bí A Ṣe Lọ Wá Oríkì Alf

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní Thamesmead, kóòtù òtútù lọ́rùn, kúlà mọ́ín-mọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, mò ń retí àna mi, Ken, bàbá ọkọ ọmọ mi. Tèmi, ọmọ-ọmọ wa tó ń bá mi kọ ìwé yìí, ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa gbọ́ èyí, ẹ má wí pé arúgbó yìí tún ti gbéra o. Ọ̀rọ̀ ló gbé mi dìde.

Oríkì ló fà á. Láràárọ̀ ni mo máa ń ki Tèmi kó tó lọ sí iléèwé. Tí mo bá mú ìdílé tiwa, tíì inú ife á tutù kí n tó parí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ìdí baba rẹ̀, "Ọmọ Dave, ọmọ Ken," ó tán, bí ìgbà tí omi ẹ̀rọ bá dá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Ken wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́ mi, ó ní kí ni mò ń sọ fún ọmọ náà. Tèmi ṣàlàyé. Ken rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú, Mama. Àwa kì í ṣe ẹni kankan. Lébìrà oko olóko ni Alf, bàbá bàbá mi. Bẹ́ẹ̀dì tó kú sí gan-an, kì í ṣe tiẹ̀."

Àgbàlagbà, lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀! Mo wo Tèmi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Mo ní kò sí ẹ̀dá tí kò ní oríkì, ewúrẹ́ pàápàá ní tiẹ̀. Mo ní kí Ken mú wa lọ sí abúlé bàbá náà. Tí a bá débẹ̀ tí a ò rí nǹkan kan, n ó pa ẹnu mi mọ́. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ nínú ilé yẹn, torí wọ́n mọ ẹnu mi.

A wọ bọ́ọ̀sì ní Tavy Bridge lọ sí Abbey Wood, a wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ẹ wá wo nǹkan: nílé, ọkọ̀ oko ló máa ń kún láàárọ̀. Níbí, àwọn tó ń lọ sígboro ń gun ara wọn, tiwa tó ń lọ sóko ṣófo gbáú. Ken yọ oúnjẹ tirẹ̀ jáde, búrẹ́dì méjì tí wọ́n fi kùkúńbà sáàárín, kò sí ata, kò sí ẹja. Àánú ṣe mí. Mo fún un ní mọ́ín-mọ́ín. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Kéèkì ni?"

"Ẹ sáà máa jẹ ẹ́ lọ."

Ó jẹ mẹ́ta. Búrẹ́dì rẹ̀ dé abúlé, ó sì bá wa padà wálé.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní Kent, tákísì ló kù tó máa gbé wa débẹ̀. Ọ̀nà yẹn tóóró bí ọ̀nà odò, ewéko dúró lọ́tùn-ún lósì bí ògiri. Hẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè é: igi ààyè ni wọ́n fi ń ṣọgbà yí oko ká, kì í ṣe òpó àti wáyà. Katakata kan pàdé wa, kò sí àyè, ni awakọ̀ wa bá ń fi ẹ̀yìn rìn padà, ó ń súfèé. Ó wo gèlè mi nínú dígí.

"Ìyá, ìgbéyàwó lẹ̀ ń lọ ni àbí ìsìnkú?"

Mo ní kí Tèmi sọ fún un pé òkú ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbà. Èmi tí mò ń fi páàsì arúgbó wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, ó dùn mí dé eegun.

A rí ilé tí bàbá náà gbé rí, ilé bíríkì kékeré tí òdòdó bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ken dúró sí géètì, kò fẹ́ kànkùn. "Ẹ jẹ́ ká kàn wò ó látìta." Látìta báwo? Mo kànkùn. Obìnrin kan yọjú, Helen lorúkọ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ló ra ilé náà nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù sú wọn. Tèmi sọ fún un pé bàbá ńlá òun, Alf, ló gbé ibẹ̀ rí. Inú obìnrin náà dùn, ó ní ká wọlé.

Mo ní, "Tèmi, bi í pé yàrá wo ni wọ́n sin ín sí."

"Màmá, ẹ ò lè bèèrè ìyẹn!"

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti fi ṣe bafuróòmù ni?"

Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bàbá tó bá dàgbà kó tó kú, ilé rẹ̀ ló ń sùn sí. Yàrá tí baba mi wà, orí rẹ̀ la ti ń jẹun. Mo ranjú mọ́ Tèmi títí ó fi bèèrè. Ojú Helen funfun ju bó ṣe funfun tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wolẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó pariwo pe ọkọ rẹ̀ pé àwọn tó tún ilẹ̀ kíṣìnnì ṣe, ṣé wọ́n rí nǹkan tí wọn ò sọ fún òun ni? Ken kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ láti àárọ̀ nìyẹn. Òun ló wá ṣàlàyé fún wọn, ẹsẹ̀ Helen sì padà sílẹ̀.

Helen mú wa lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta àwọn olóko ńláńlá wà níbẹ̀, ó ga jù mí lọ. Ken ń fi ọwọ́ nu ewé kúrò lára òkúta kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, ó ń lọ sí òmíràn. Alf ò sí. Helen rọra sọ pé àwọn tí kò lówó, abẹ́ koríko ni wọ́n wà, láìsí òkúta.

Ken dúró lójú koríko náà, ó ṣí fìlà. "Ẹ ti fojú yín rí i, Mama. Ṣé mo ò wí? A kì í ṣe ẹni kankan."

Tèmi wojú mi. Mo ń tún gèlè mi wé.

Helen ní ká mu tíì ká tó máa lọ, ó sì ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ kan, Joyce, tí wọ́n bí sí abúlé náà, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá náà fi ọ̀pá wọlé. Bí Ken ṣe dárúkọ Alf, ló bá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Alf onífìlà!"

Ó ní iṣẹ́ Alf nígbà òtútù ni hẹ́ẹ̀jì. Á gé igi tútù, kò ní gé e tán, á tẹ̀ ẹ́, á hun wọ́n mọ́ra, igi náà á sì máa yè lọ. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ tó tún ni ilé gun ẹṣin dé. Gbogbo òṣìṣẹ́ ṣí fìlà, bí àwa náà ṣe ń ṣí i fún ọba. Alf ò ṣí tiẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igi mọ́lẹ̀.

"Ìwọ, fìlà ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi dí, sà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ bá mi ṣí i."

Joyce ní, "Bàbá mi ló mú àáké dúró tì í. Títí bàbá mi fi kú, gbogbo Kérésì ló ń sọ ọ́."

Ken gbé ife sílẹ̀. "Kí ni ọlọ́lá wá ṣe?"

"Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé bá iṣẹ́ lọ, torí òun ló nilé. Àwọn ará abúlé ló fún Alf níbi tó sùn títí tó fi kú. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà ló lọ sí Woolwich, lọ máa rọ ìbọn."

"Bàbá mi nìyẹn," ni Ken wí. "Ó ní ebi ló lé àwọn."

"Ebi kọ́. Fìlà ni."

Joyce fọ̀pá mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé. Hẹ́ẹ̀jì náà wà níbẹ̀, ó ṣì ń rúwé. Ìdí àwọn igi náà ti nípọn bí itan, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ara wọn bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ara mi yá gágá. Mo gbé ohùn sókè níbẹ̀, àwọn àgùntàn gbé orí wò mí:

"Alf, a-di-igi-bí-ẹni-dirun,
Ó gé igi, igi ò kú,
Ó tẹ igi, igi ò ṣẹ́.
Ọlọ́lá ní ṣí fìlà, ó ní ọwọ́ òun dí,
Ó ní kí ọlọ́lá sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun ṣí i.
Wọ́n lè gba ilé, wọn ò lè gba fìlà.
Tèmi, ọmọ Alf, má tẹríba fún ẹni tí kò kí ọ!"

Tèmi ń sọ ọ́ ní èdè wọn fún Ken bí mo ṣe ń ki í. Ojú Ken ti pọ́n, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ẹ dé fìlà yín! Irú ọmọ Alf wo lẹ jẹ́?"

Kíá ló dé e.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe padà. Láti ìgbà tí a jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin ni Ken ti di ọkùnrin kan mú tó fẹ́ sùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó sọ ìtàn Alf bí Joyce ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan jókòó síbẹ̀. Nígbà yẹn ọlọ́lá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin lóòótọ́, ó ti ń bẹ Alf. Ká tó dé Abbey Wood, ẹṣin ti gbé ọlọ́lá ṣubú sínú ẹrẹ̀. Tèmi la ẹnu láti tún un ṣe, mo fún un lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀ tábìlì.

Ohun tí mo kọ́ lọ́nà yẹn ò pọ̀. Kò sí ẹni tí kò ní baba tó ṣe nǹkan. Ẹni tó máa lọ bèèrè ló wọ́n. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọlé. Fúnkẹ́ ọmọ mi kí wa káàbọ̀, ó bi Ken bóyá a rí sàréè.

"Sàréè kẹ̀? Jókòó," ni Ken wí. "Jẹ́ kí n sọ irú ìdílé tó o fẹ́ sí fún ọ."

Ẹṣin náà ò gbé ẹnikẹ́ni ṣubú o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pàdé Ken ní àdúgbò rẹ̀ ní Plumstead, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọlọ́lá náà ṣubú.