Fọ́ọ̀kì Nínú Ọbẹ̀ Ilá

Nígbà ìjọba ṣọ́jà, tí búrẹ́dì pàápàá di oúnjẹ ọdún, agbaṣẹ́ṣe kan wà ní Ore tó ní fídíò àti jẹnẹrétọ̀. Bó bá ti tan án, gbogbo wa á rọ̀ mọ́ fèrèsé ẹ̀. Fíìmù aláwàdà kan ló fẹ́ràn jù: olówó méjì kó àwọn ọmọ ìta wọlé, wọ́n ní àwọn máa sọ wọ́n di èèyàn ńlá. Wọ́n wọ kóòtù fún wọn, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun lórí tábìlì. Ibi tó parí sí ni pé kéèkì ń fò, ó ń bà wọ́n lójú pẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín tó mi níbẹ̀, ẹ bi gbogbo àdúgbò.

Àfi ọjọ́ Sunday kan. Ìyá mi gbé pupuru, òkèlè tá a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, wá láti Omifunfun fún ìyàwó ọkùnrin yẹn tó máa ń rà á. Ọkùnrin náà àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń wo fíìmù yẹn lọ́wọ́. Ló bá ní kí ìyá mi wá jókòó sí tábìlì, ó gbé ìrẹsì àti ẹran síwájú ẹ̀, ó fi fọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ ìyá yìí, jẹun bí ọ̀làjú, ká wò ó."

Ìyá mi tó dàgbà jù ú lọ dáadáa! Ó tọrọ omi ìfọwọ́, ọkùnrin náà ní irú ẹ̀ ò sí nílé òun. Fọ́ọ̀kì yọ̀, ẹran fò sílẹ̀.

"Ẹ wò ó! Sinimá ti jáde látinú tẹlifíṣọ̀n!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mo wo ìyá mi, ó ń ṣa ẹran nílẹ̀. Mo búra: ọkùnrin yìí á fi ẹnu ara ẹ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá mi.

Kò pẹ́, ọ̀gá ṣọ́jà kan ń bọ̀ wá jẹun nílé ẹ̀, torí iṣẹ́ ọ̀nà tí agbaṣẹ́ṣe ń wá lọ́wọ́ ìjọba. Mo lọ bá agbaṣẹ́ṣe.

"Sà, wọ́n sọ ní gáréèjì pé oúnjẹ ilé lọ̀gá yẹn fẹ́ràn. Pupuru àti ilá. Ìyá mi á wá sè é."

Irọ́ ni. Mo mọ irọ́ pa. Ó gbà.

Nígbà tí wọ́n jókòó, ṣọ́jà ní, "Omi ìfọwọ́ dà?" Mo sáré gbé abọ́ omi dé. Ó fọwọ́ tán, mo gbé e padà sí kíṣìnnì.

"Èmi kì í fọwọ́ jẹun, sà," ni agbaṣẹ́ṣe ń fọ́nnu. Ó ki fọ́ọ̀kì bọ ilá. Ilá fà. Ó gbọ́wọ́ sókè, ilá tẹ̀ lé e. Ó dìde dúró, ilá ṣì ń bọ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé e, ó wé mọ́ táì ẹ̀. Ó bá fìbínú gún pupuru, pupuru ta, ó di orí bàtà ṣọ́jà tó ń dán bíi dígí.

Ṣọ́jà wo bàtà ẹ̀, ó wo agbaṣẹ́ṣe.

"Ẹ lọ fọwọ́ yín jàre," ni ṣọ́jà wí, "kẹ́ ẹ tó pa wá."

Agbaṣẹ́ṣe wò mí. Mo wo òrùlé. "Ọwọ́ ìyá mi lomi wà, sà."

Ó wọ kíṣìnnì tòun ti ilá lára táì. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi."

Ẹ! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Ìyá mi bu ú fún un. "Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọwọ́ kì í jábọ́ bíi fọ́ọ̀kì."

Ká ní èmi ni, ǹ bá ní kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Mo bá ìyá mi jà sí i bá a ṣe ń lọ sílé.

"Ó ti tó," ló ní.

Kò tó lójú tèmi. Títí dòní, kò tíì tó.