Jìtá Inú Èéfín

Ìwé kan ṣoṣo ni mo kà ní yunifásítì nípa jìtá àtijọ́, àwòrán ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyẹn tó láti sọ mí di ọ̀gá lójú ara mi. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ń mọ irú jìtá, ìwé náà wí: òrùka tó yí ihò rẹ̀ ká, àti ohun dídán tí wọ́n tò sí ọrùn rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá wọn yẹ jìtá kan wò, mo ra dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo sì wọ kóòtù.

Ẹ̀yìn Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ilé wọn. Ọyẹ́ ti da ọ̀sà pọ̀ mọ́ ojú ọ̀run, bíi pé inú àwọsánmà ni wọ́n ti ń tu ọkọ̀ lọ. Òkè ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ni jìtá náà so rọ̀ sí, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, láti ìgbà tí ọkọ wọn, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ti kú.

"Ọkọ mi ní Lọ́ńdọ̀n lòun ti ránṣẹ́ rà á fún mi," ni wọ́n wí. "Ọkùnrin kan tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ní Itamaga ń bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, kò ní kúrò nílé yìí. Bó bá jẹ́ irọ́, kó gbé irọ́ lọ. Bá mi wò ó, Púrọ́fẹ́sọ̀."

Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo wo àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n rokoso. "Fáníìṣì ayé àtijọ́ nìyí, Ìyá. Á tó ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Èéfín ẹja ni. Gbóòórùn rẹ̀."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ẹja àrọ̀ ni.

Mo yọjú wo inú ihò. Òwú àti oje igi ni wọ́n fi dí gbogbo ibi tí pákó ti pàdé, bí wọ́n ti ń dí ara ọkọ̀ kí omi má wọlé. Kò sí ará Lọ́ńdọ̀n tó ń retí kí jìtá òun léfòó. Kí n má baà tètè sọ̀rọ̀, mo fi aṣọ tútù nu òrùka náà. Dúdú èéfín ṣí díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ òwúrọ̀ lórí omi sì yọ. Mo gbé dígí mi lé e: ohun pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n tò yí ihò náà ká, ìlà tínínrín sì yípo lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìpẹ́ ẹja ni.

"Ìyá, kò ti Lọ́ńdọ̀n wá. Ọkọ yín ló fọwọ́ ara wọn kàn án."

Wọ́n fi ìka kan ìpẹ́ náà.

"Ẹja ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi," ni wọ́n wí. "Ọkọ mi ń ṣa ìpẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ bíi wèrè. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní kò kàn mí."

Wọ́n ta okùn kan. Ó dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

"Òpùrọ́," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ki ọkọ. "Gbé e padà sókè."

"Ọkùnrin Itamaga ńkọ́?"

"Kó ra ẹja."