Sílíìfù Mẹ́rin Ìyá Alámì

Ìyá Alámì kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àdúgbò ló fi dá a lọ́lá, nítorí kò sí ohun kan nínú ilé rẹ̀ tí kò ní àmì lára. Ó fi ìṣó ha ìdí ìkòkò, ó fi ọ̀bẹ gé ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó, ó ta kókó sí etí aṣọ ìnujú. Ilà méjì tó dábùú ara wọn ni àmì tó fẹ́ràn jù, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá lè dúró dè é, yóò sàmì sí i kó tó rọ̀ sí oko ẹlòmíràn.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹnì kan ní òun fẹ́ bá a wo bátìrì katakata. Tuntun ló gbé lọ, ògbólógbòó ló gbé padà. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Katakata yìí nìkan ni ọkọ fi sílẹ̀ fún un. Òun ló fi ń túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, òun ló fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti wà nílé ọkọ báyìí. Bí kò bá túlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò, kò sí ohun tí yóò jẹ títí òjò mìíràn yóò fi dé.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò sì ti ń ṣú nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, tí èéfín ń bo awakọ̀ lójú. Ó ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́. Mẹ́káníìkì ni Jẹ́jẹ́, ó ti ń bá ọkọ obìnrin náà tún katakata yìí ṣe kí irun orí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Kì í kánjú, kì í pariwo, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Òun nìkan ló kù nítòsí tó mọ inú irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù, ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n gbọ́n mọ.

Jẹ́jẹ́ tú orí ẹ́ńjìnnì, ó ní sílíìfù ti jẹ tán. Sílíìfù ni agolo irin mẹ́rin tí písítìn ń lọ sókè lọ sódò nínú wọn. Ó gbé irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ki irin gbọọrọ gba àárín rẹ̀, ó wá ń fi sípánà yí nọ́ọ̀tì tó wà lókè. Agolo náà ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀lẹ tí wọ́n ń jí láàárọ̀. Nígbà tó yọ wọ́n tán, ó ha ìpẹtà kúrò níbi tí wọ́n ti jókòó, ó fi sáńpépà dán an. Ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é: rọ́bà kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń di ẹsẹ̀ sílíìfù mú, òun ni kì í jẹ́ kí omi dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, nǹkan kan ò sì gbọdọ̀ ha ibẹ̀. Ìyá Alámì ní òun gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àpótí iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ ló ń wò.

Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ wá sọ pé òun fẹ́ kó sílíìfù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sílé àbúrò òun obìnrin, kí wọ́n sun inú fíríìsà, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀.

“Irin nínú fíríìsà? Ṣé ẹja ni?”

“Màmá, òtútù máa ń jẹ́ kí irin súnkì díẹ̀. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á wọlé wọ́ọ́rọ́, a ò ní fi òòlù lù wọ́n.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan gbé irin sínú yìnyín. Tuntun ni wọn yóò lọ, àlòkù ni wọn yóò dé, ó ti mọ orin náà tẹ́lẹ̀. Ìfura sì loògùn àgbà. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe lọ tọrọ àpò lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó mú fáìlì irin nínú àpótí iṣẹ́ ọkùnrin náà, ó dojú àwọn sílíìfù dé, ó sì fi ha ilà méjì sí ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn, nísàlẹ̀ pátápátá tí ojú ò ní tètè tó. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ kó wọn dé tútù nini, yìnyín funfun bò wọ́n lára. Ìyá Alámì ṣe bí ẹni ń ràn án lọ́wọ́, ó fi ìka wá àmì rẹ̀. Ó bá a lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ ju ìtìjú lọ, ó tiẹ̀ gbé àga fún Jẹ́jẹ́. Ìyẹn ò ráyè jókòó. Ó fi ọṣẹ pa rọ́bà lára, ó sì yára ki wọ́n bọlé kí òtútù tó lọ. Wọ́n wọlé wọ́ọ́rọ́ lóòótọ́.

Ó wá bu omi sínú ẹ́ńjìnnì láti fi dán an wò. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán nísàlẹ̀, tó, tó, tó, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ dìde, inú ń bí i. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ọjà náà lòun ń lọ, yóò sì gbọ́ ti ẹnu òun lójú gbogbo èèyàn, torí ọkùnrin náà ti búra pé ojúlówó ni. Ìyá Alámì rí i pé ẹsẹ̀ tí òun sàmì sí ni omi ti ń kán, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀. Igbá ló lọ gbé sábẹ́ omi tó ń kán.

Jẹ́jẹ́ fa sílíìfù kan jáde kó lè fi han ọlọ́jà náà. Ó nù ún, ó yí i sí oòrùn, ó sì wò ó pẹ́. Ó fi àtàńpàkò tọ ilà méjì náà.

“Màmá,” ló wí, kò pariwo, “gbogbo ọdún tí a ti jọ wà yìí, ibo lẹ sàmì sí lára tèmi?”

“Ẹ̀rù ló bà mí, Jẹ́jẹ́. Mo rò pé...”

Jẹ́jẹ́ fa mẹ́ta yòókù jáde, ó nu gbogbo wọn gbẹ, ó tò wọ́n síwájú obìnrin náà. Ó kó sípánà rẹ̀ sínú àpótí, ó ní kó wá ẹni tó bá fọkàn tán. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ ò bú u, kò sì wẹ̀yìn.

Òjò ti ń kù lókè. Ìyá Alámì padà wá jókòó, ó ka sílíìfù náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun mìíràn í ṣe. Wọ́n pé, tirẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Ẹni tí yóò bá a tò wọ́n padà ni kò sí.