Èènì Òdì Kejì Títì

Àkàrà tí mo fi ọgọ́rùn-ún náírà rà nítòsí ilé mi ní Dàda Estate láàárọ̀ àná kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Nígbà èwe wa ní Iléṣà, kọ́bọ̀ kan máa ń ra èyí tó kún ọwọ́ ọmọdé.

Òórùn epo pupa ló máa ń jí wa. Yèyé mi ń din àkàrà lẹ́bàá títì, inú agbada yẹn sì ni owó ilé ìwé èmi àti Bọ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń jáde. Yèyé kì í fún èèyàn ní èènì. Ó ní àkàrà òun tóbi tó.

Àfi bí Ìyá Sàúdá ṣe kó dé láti Òṣogbo, tó gbé agbada tirẹ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì títì. Àkàrà rẹ̀ kéré sí ti Yèyé, àmọ́ bí o bá ti sanwó tán, Sàúdá ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, yóò ju ẹyọ kékeré kan sí i fún ọ. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi sọdá. Bàbá mi pàápàá, tíṣà ìṣirò, Bọ́sẹ̀ ká a mọ́bẹ̀ níbi tó ti ń lá ètè.

"Mo kàn ní kí n tọ́ ọ wò ni," Bàbá wí.

"Ó dáa, Tíṣà. Kí Ìyá Sàúdá kúkú máa se ọbẹ̀ yín náà," Yèyé dá a lóhùn.

Àkàrà Yèyé ń tutù sílẹ̀. Ó ní bó bá ń bá a lọ báyìí, Bọ́sẹ̀ ò ní lè pa dà sílé ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Yèyé gbé ṣíbí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ jáde. Ohun tó yọ lára àkàrà, ó fi din wẹ́wẹ́, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ń ké pé, "Ẹ wá gba èènì o!" Àdúgbò sọdá pa dà. Bàbá ní, "Ṣé o rí i? Ó dáa kéèyàn lawọ́." Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, òun náà pa dà.

Àmọ́ nígbà tí mo tẹ̀ lé Yèyé lọ ra ata, ó bá aláta fà á títí tí ìyẹn fi bu díẹ̀ sí i.

"Yèyé, ṣebí inú ata yín náà ló ti kọ́kọ́ yọ ọ́?"

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀ ẹ́ sí?"

"Ṣé kí n kàn sanwó, kí n máa lọ bí àjèjì ni?"

Mo ka ọrọ̀ ajé ní yunifásítì nígbà tó yá. Síbẹ̀, lánàá, mo sanwó tán, mi ò lè kúrò lọ́dọ̀ alákàrà.

"Bàbá, ṣé ó ku nǹkan ni?"

Kò ku nǹkan.

Yèyé ti lọ, Bàbá ti lọ, Ìyá Sàúdá náà ti tẹ̀ lé wọn. Bọ́sẹ̀ wà ní Ìbòkun, ó ṣì ń fi ọ̀rọ̀ Bàbá rẹ́rìn-ín. Sàúdá náà ń bẹ. Ó wà ní yàrá kejì báyìí, ó ń pariwo pé kí ni mo ń kọ tí ògì mi fi ń tutù. Òun ni èènì tí mo gbà ní òdì kejì títì.