Ìkòkò Kan fún Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́

Obìnrin oníṣòwò kan tí òun àti Ìyá wa jọ ń lọ sí ìjọ Aládùúrà ló mú ìròyìn náà wá bá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyá ti lọ kí àbúrò wọn tó bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àìsàn sì kì wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ara wọn wú láti ẹsẹ̀ títí dé ojú, wọ́n sì ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin náà ní ẹsẹ̀ lòun fi sọdá odò, nítorí òjò ti wó afárá, ọkọ̀ kankan ò sì lè kọjá.

“Ẹ tètè lọ o,” ló wí. “Ọmọ tuntun ò jẹ́ kí àbúrò wọn lè jáde. Kò sẹ́ni tí yóò máa dáná fún wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì sì ní wọn ò gbọdọ̀ fi ẹnu kan iyọ̀.”

Bàbá wa ti kú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan la wà nílé. Káfíńtà ni wọ́n, èmi ń ránṣọ. Kẹ̀kẹ́ la ó gùn lọ, oníkálùkù pẹ̀lú tirẹ̀. A mọ̀ pé a ó sùn lọ́nà, a sì mọ̀ pé inú ọgbà ilé ìwòsàn la ó máa gbé, níbi tí àwọn ẹbí aláìsàn ti ń dáná fún èèyàn wọn.

Ní Ọjà Akẹ̀sán, ìkòkò méjì ni mo gbé, ọ̀kan fún Ìyá, ọ̀kan fún àwa tí a ń jẹ iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dá ọ̀kan padà.

“Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹ̀yìn lọ́rì,” ni wọ́n wí. “Ẹní ń bẹ níbẹ̀, aṣọ ń bẹ níbẹ̀, gààrí ń bẹ níbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ tiwa á kan ti Ìyá.”

“A ó máa fọ̀ ọ́.”

Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù kékeré kan ni wọ́n mú, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣeé tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n wá ń ki ife sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dé e, bí ìdérí ò bá ti bò ó dáadáa, wọ́n á yọ ọ́. Ife tó nípọn tí mo fẹ́ fún Ìyá ò wọ̀ ọ́. Ife onítánńganran funfun méjì ni wọ́n rà, tí ọ̀kan ń wọnú èkejì. Inú mi ò dùn. Irú ife bẹ́ẹ̀ máa ń jó ètè bí ògì inú rẹ̀ bá gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni wọ́n.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú òjò wínníwínní. Ní ibi tí afárá ti wó, a gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, omi sì mù wá dé àyà. A ò tíì lọ jìnnà lódìkejì tí òtútù fi bẹ̀rẹ̀ sí mú mi. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, n kò lè di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú mọ́. Àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, gbà wá sínú ahéré wọn. Màrìwò Ògún wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, àwa sì jẹ́ Aládùúrà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè kankan. Ẹ̀gbọ́n mi po ògì, wọ́n gbé e sí mi lẹ́nu. Eyín mi ń lu ife náà wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò lè dìde. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ń wò mí.

“Màá máa lọ,” ni wọ́n wí. “Ìyá ò lẹ́nìkan.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí síbí.” Mo di etí aṣọ wọn mú. Wọ́n tú ìka mi kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú okùn ẹran. Wọ́n gbé ìkòkò náà àti ife kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Kí lẹ ó fi dáná fún Ìyá?”

“Ìyẹn ò kàn ọ́. Ohun gbígbóná ni kó o máa mu.”

Ìyàwó àgbẹ̀ náà ń se ewé tíì fún mi nínú ìkòkò wa. Mo ń mu ún, mo sì ń bínú. Bí mo bá gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, màá gbórí sókè wò, ẹlòmíì ni. Mo ní bí mo bá kú síbí, àwọn tí ò mọ orúkọ mi ni yóò sin mí. Bí ìbínú bá sì lọ, mo máa ń rò ó pé ìkòkò ta ni ẹ̀gbọ́n mi ń yá dáná fún Ìyá, ṣé iyọ̀ ò sí lára rẹ̀.

Nígbà tí ibà náà fi mí sílẹ̀, mo rọra gun kẹ̀kẹ́ mi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí iná nínú ọgbà ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìkòkò ńlá kan tí wọ́n rà ní Takie láàárín ìlú. Ìyá jókòó tì wọ́n lórí ẹní. Ojú wọn ò wú mọ́, ṣùgbọ́n ó ti rù.

“Ṣé o ti parí aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní o dúró rán?” ni Ìyá bi mí.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò gbójú sókè.

“Kí ló mú kí ọrùn rẹ gbẹ báyìí?” Ìyá na ọwọ́ fà mí mọ́ra. Nígbà tó yá, n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo sọ ti ibà, mo sọ ti ahéré. Ìyá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“O fi àbúrò rẹ sílẹ̀ nínú igbó? O wá ń parọ́ fún mi?”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ, Ìyá,” ni mo wí. “Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ.”

Ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ro ògì dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ wá igi kún iná. Igi pọ̀ nílẹ̀.

Ìyá bá wa padà sí Ọ̀yọ́ nígbà tí wọ́n tún afárá ṣe, ṣùgbọ́n ara wọn ò bọ̀ sípò mọ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi kú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ ahéré yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ṣíwọ́ bíbá mi jiyàn. Nígbà ìsìnkú, nígbà tí à ń pín ilé, ohunkóhun tí mo bá ti dá lábàá, wọ́n á ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Àwọn ará ilé ń yìn wá pé a mọ inú ara wa. Ó ń dùn mí. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, bóyá wọ́n á jágbe mọ́ mi.