Iṣu Orí Àpáta

Lánàá, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú oríkèé ríro mi fi òrí ra orúnkún mi. Òórùn òrí náà gbé mi padà sí Dassa, ìlú olókè ní Benin, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ojoojúmọ́ ni ìyá àgbà mi ń fi òrí ra orúnkún, tó ń kérora gun àpáta lọ yí iṣu tí a sá fún èlùbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kó gbogbo iṣu náà sọ̀kalẹ̀.

Ìyá àgbà ní, “Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ sọ mí di òkúta ìtilẹ̀kùn ni?”

Gbogbo ilé yìn mí. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń gun àpáta. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ìyá àgbà kò lè dìde mọ́.

Gígun àpáta yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀.

Lánàá, nígbà tó ra òrí náà tán, ọmọbìnrin náà ní, “Màmá, ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀.”

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo di ògiri mú, mo dìde.