Gíláàsì Dúdú Bàbá Oyèkọ́lá

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni Bàbá Oyèkọ́lá ará Ìlárá Rẹ́mọ jẹ Yésúfù tó ń lẹ tíńtì mọ́tò ní Makun, tòun ti gbèsè náà ló sì kú. Ṣùgbọ́n gbèsè kọ́ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá dá mọ́tò rẹ̀ dúró ní Ògèrè ni.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nìkan ló dúdú. Mẹ́ta yòókù mọ́ gaara, àfi bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ojú kan. Ọlọ́pàá kàn án, gíláàsì wálẹ̀. Obìnrin ló rí nídìí sítíárì: Ìyá Tolúlàṣẹ, ìyàwó Bàbá. Ó na ìwé àṣẹ tíńtì sí i.

"Ìyá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé nítorí àìlera ojú ni. Kí ló ṣe ojú yín?"

"Ojú tèmi kẹ̀? Ojú tèmi dá ṣáṣá. Ojú ọkọ mi ni."

"Ọkọ yín wá dà?"

Ìyá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá yí lọ sọ́hùn-ún. Bàbá ló jókòó sínú oòrùn gangan, tó ṣí agboòrùn sórí nínú mọ́tò.

"Ọ̀gá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀ sí i," ni Bàbá wí. "Ẹ ń bá mi dí oòrùn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ nìyí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú òsì Bàbá, oòrùn wá ń ta á bí ata. Dókítà kọ lẹ́tà, wọ́n sì tìtorí lẹ́tà náà fún un ní ìwé àṣẹ tíńtì. Ó bá gbọ̀nà Makun.

"Gíláàsì mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, Bàbá," ni Yésúfù wí.

"Ojú mélòó ni mo ní ó ń dùn mí?"

"Ọ̀kan, sà. Tòsì."

"Lẹ èyí tó wà lósì mi. Àwọn tó kù ò ṣàìsàn."

Yésúfù ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀. Bàbá san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. "Màá mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dání. Bó bá ṣí, o ò rí i gbà. Bí kò bá ṣí títí mo fi kú, ìyàwó mi á san án."

Yésúfù rò pé àwàdà ni. Ó yà ní Ìlárá lọ́jọ́ Sátidé kan láti gbowó. Ọmọ ìjọ Adventist sì ni Bàbá. "Ọjọ́ ìsinmi wa rèé. A kì í fọwọ́ kan owó."

"Ó dáa, sà. Màá padà wá lọ́la."

"Máa bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tíì kú lọ́la."

Ẹni tí kò rí i bí àwàdà ni Ìyá Tolúlàṣẹ. Bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, apá tirẹ̀ ni oòrùn ń rọ́ sí. Ló bá ń ṣí agboòrùn nínú mọ́tò.

"Bàbá Tolú, ẹ lẹ tèmi náà."

"Dókítà ò kọ orúkọ tìẹ."

Ìyá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi délé, ìyẹn sì dun Bàbá ju ojú lọ. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Ìyá, ojú yín dára ju tèmi lọ," ni dókítà wí.

"Ẹ tún un wò," ni Bàbá ń bẹ̀bẹ̀. "Ó yẹ kí nǹkan díẹ̀ wà níbẹ̀."

"Kò sí, sà."

"Ipin ńkọ́?"

Dókítà ò kọ̀wé. Díákónì sì ni Bàbá, kò lè purọ́ gba ìwé àṣẹ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ronú, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀ tó ti mọ mọ́tò wà láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé.

"Ìwọ lọ jókòó síbi dúdú. Gbé agboòrùn wá."

Lábẹ́ agboòrùn yẹn, ojú ò dùn ún rárá. Agboòrùn tó ti wà nílé láti ọjọ́ yìí, tí kò ná an ní kọ́bọ̀! Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí Yésúfù gbọ́.

Bàbá Oyèkọ́lá kú lọ́dún tó kọjá, ìwé àṣẹ náà sì bá a lọ. Ìyá wa mọ́tò lọ sí Makun.

"Yésúfù, bá mi ṣí i kúrò. Ẹni tó ni ojú náà ti lọ."

Yésúfù fi èékánná ha á, kò ṣí. Ó da omi gbígbóná sí i, kò mira. Ó nu òógùn ojú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ìyá, kò ṣí o! Kò ṣí títí wọ́n fi kú."

Ìyá yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà nínú pọ́ọ̀sì, ó fi lé e lọ́wọ́. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe."

Yésúfù wá mú abẹ. Nígbà tí gíláàsì mọ́ tán, oòrùn wọlé, ó bá Ìyá lójú nídìí sítíárì. Ìyá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú agboòrùn, ó ṣí i, ó sì gbé e lé orí ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin ni oòrùn ń pa mà."

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí, ó ṣíná sí mọ́tò. "Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Bàbá Tolú máa ń jókòó sí."